Oògùn jẹjẹrẹ ọyàn ju agbára wa lọ: ibo la ti lè rí ìrànlọ́wọ́ ní Èkìtì?

Ọmọ Ìjerò
Ẹ̀yin ará Èkìtì, nílé lóko, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n, ní Ìjerò. Jẹjẹrẹ ọyàn ló ń bá wọn fínra. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì ń gba kímò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, lọ́wọ́ ní Adó. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni dókítà pè wá, ó ní èsì àyẹ̀wò HER2, èròjà kan tó ń mú jẹjẹrẹ ọyàn dàgbà kíákíá, ti dé, pé 3+ ni, ìyẹn pé ó pọ̀ gan-an, àti pé abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ trastuzumab ni kí wọ́n máa gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta fún ọdún kan. Ilé oògùn tí a kọ́kọ́ dé dá iye kan lé e, ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Owó oṣù wọn fún oṣù mẹ́fà kò tó ra ẹyọ kan.

Ẹbí ti ṣèpàdé, wọ́n fẹ́ ta oko kòkó tí bàbá wa fi sílẹ̀. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù kí n bi yín. Ta ló ti rin ọ̀nà yìí rí? Ibo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ àgbo fún mi, a ti gbọ́ ìyẹn tó.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Adó
Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ọlọ́run á wo ẹ̀gbọ́n rẹ sàn. Ẹ má tíì ta oko.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun tó sì máa ń dùn mí jù ni pé ilẹ̀ ni àwọn ẹbí ń kọ́kọ́ tà, ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń wá gbẹ̀yìn. Owó ilẹ̀ á ra abẹ́rẹ́ bíi mélòó kan, á tán, ìtọ́jú ò sì tíì dé ìdajì. Nígbà tí wọ́n bá wá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa dá owó tí wọ́n ti ná padà fún wọn. Èyí tó kù níwájú ni wọ́n ń bá èèyàn gbé.

Kí ẹ tó tún dé ilé oògùn kankan, ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ ẹ lọ bá àwọn sóṣà wókà nínú ọsibítù yín. EKSUTH, ọsibítù ńlá ti yunifásítì ìpínlẹ̀ wa, ní wọn ní Adó níbí, Federal tó wà ní Ìdó náà ní wọn. Àwọn èèyàn rò pé ẹni tí wọ́n gbé jù sí wọ́ọ̀dù nìkan ni iṣẹ́ wọn wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn ló ń wádìí, tí wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé lóòótọ́ ni agbára aláìsàn kò gbé e. Ìwé yẹn ni ẹni tó bá fẹ́ dá owó sílẹ̀ máa bèèrè lọ́wọ́ yín, ì báà jẹ́ ìjọba, ì báà jẹ́ ìjọ, ì báà jẹ́ ẹgbẹ́ aláàánú.

Kí ẹ sì bẹ dókítà kó kọ lẹ́tà tó kún. Ẹ má gba èyí tó kàn sọ pé “aláìsàn yìí nílò ìrànlọ́wọ́”. Kí ó kọ orúkọ oògùn gan-an, iye kílò tí ẹ̀gbọ́n wọ̀n, ìwọ̀n oògùn tí wọ́n máa gbà nígbà kọ̀ọ̀kan, àti iye ìgbà tí wọ́n máa gbà á títí ọdún á fi pé. Ẹ gba ìwé iye owó lọ́wọ́ famasí ọsibítù mọ́ ọn. Ẹ fi èsì báyọ́sì (àyẹ̀wò ẹran tí wọ́n gé lára ọyàn), èsì HER2, NIN àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù sí fáìlì kan. Fótókópì ni kẹ́ ẹ máa fún èèyàn, ojúlówó kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín. Mo mọ obìnrin kan tó tún odindi àyẹ̀wò san torí pé èsì rẹ̀ sọnù sínú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì kan.

Ohun kan kù tí àwọn ẹbí kì í kà mọ́ ìṣirò. Oògùn yìí lè kó àárẹ̀ bá ọkàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀kò, àyẹ̀wò ọkàn, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń tún un ṣe ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ fi owó rẹ̀ kún ohun tí ẹ fẹ́ tọrọ.

Ọmọ Ọyẹ́ l'Ábújá
Ìyá Nọ́ọ̀sì ti sọ èyí tó tóbi jù. Ìbéèrè tèmi ni pé, ṣé ẹ̀gbọ́n wà lábẹ́ ètò adójútòfò ìlera kankan? Torí oògùn yìí gan-an ni àdéhùn kan wà lé lórí láàárín NHIA, àjọ adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, àti Roche, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Herceptin, ìyẹn trastuzumab tiwọn. Bí wọ́n ṣe pín in ni pé Roche gbé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, NHIA gbé 30, aláìsàn wá san 20. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NHIA ló wà fún, ní àwọn ọsibítù tó bá wọn ṣe é. Èmi mọ̀ pé ìdá 20 yẹn ṣì wúwo lọ́rùn tíṣà. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé gbogbo rẹ̀.

Ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ wa ni EKHIS. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Adó, kí wọ́n fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn yín: èwo ni wọ́n ń san lórí jẹjẹrẹ, ibo ló sì mọ. Ẹ má gba ti ẹnu lásán. Bí orúkọ wọn ò bá sí níbì kankan, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 sọ pé kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní adójútòfò, èèyàn sì lè fi owó ara rẹ̀ wọlé. Ẹ ṣáà bi wọ́n ìgbà tí ìtọ́jú máa bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, kí ẹ tó sanwó.

Èkejì ni Cancer Health Fund, owó ìrànlọ́wọ́ ìtọ́jú jẹjẹrẹ ti ìjọba àpapọ̀. Jẹjẹrẹ ọyàn, ti ẹnu ilé ọmọ àti ti pròstéètì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ní ọsibítù mẹ́fà káàkiri orílẹ̀-èdè. OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ wà lára wọn, òun ló sì sún mọ́ Èkìtì jù. Owó náà kì í gba ọwọ́ aláìsàn kọjá, ọsibítù ló ń lọ tààrà. Inú bọ́jẹ́ẹ̀tì ló ti ń wá, nítorí náà ẹni tó bá tètè forúkọ sílẹ̀ lọ́dún ló sàn fún.

Àgbo Ìyè
Mo mọ bàbá kan ní ẹ̀bá Ẹ̀fọ̀n tó ń fún àwọn alájẹjẹrẹ ní nǹkan mu. Kò tó ìdá kan nínú ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí. Ẹ kàn sí mi ní kọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Adó
Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá yín jà, ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti bẹ̀ wá ṣáájú. Obìnrin tó ń gba kímò lọ́wọ́, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kárakára lórí oògùn tó wà nínú ara rẹ̀. Ẹ má da ohun tí dókítà rẹ̀ ò mọ̀ lé e.

Famasí Ìdó
Ẹ kú uṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí ọ̀rọ̀ oògùn ni iṣẹ́ mi.

Herceptin ni orúkọ tí Roche fún un. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ti ń ṣe trastuzumab tiwọn. Báyósímílà là ń pè é, owó rẹ̀ sì máa ń fi púpọ̀ wálẹ̀. Kì í ṣe ayédèrú oògùn. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti kọ trastuzumab sínú ìwé àwọn oògùn kòṣeémánìí láti 2015, ó sì fọwọ́ sí báyósímílà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù Kejìlá 2019. Bí dókítà bá kọ “Herceptin” sórí ìwé, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í bóyá báyósímílà tí NAFDAC forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ á ṣe é. Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn ti tú ọ̀pọ̀ ẹbí sílẹ̀ lójú mi.

Ọ̀rọ̀ ìgò wá kù, ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ra oògùn yìí mọ̀ ọ́n. Ìgò kan wà tó jẹ́ mílígíráàmù 440, omi tí wọ́n fi ń pò ó wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú páálí. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀gbọ́n wọn kílò 60. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ máa ń ju èyí tó tẹ̀ lé e lọ: 8 mílígíráàmù fún kílò kan, ìyẹn 480. Ìgò méjì ni wọ́n máa ṣí, 400 á sì ṣẹ́ kù. Láti ìgbà kejì lọ, 6 fún kílò kan ni, ìyẹn 360. Ẹ ò rí i pé èyí tó ṣẹ́ kù ti tó abẹ́rẹ́ kejì? Omi inú páálí yẹn ní èròjà tí kì í jẹ́ kí kòkòrò yọjú, nítorí náà oògùn tí wọ́n fi í pò lè wà nínú fíríìjì fún ọjọ́ 28. Ọjọ́ 21 ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹbí tí kò mọ̀ á tún lọ ra ìgò tuntun, èyí tó ṣẹ́ kù á sì bá gọ́tà lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìgò 440 tí omi rẹ̀ bá a wá nìkan ni mò ń sọ. Ìgò 150 kò ní irú omi yẹn, wọn kì í tọ́jú àjẹkù rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Famasí ọsibítù ló gbọdọ̀ pò ó, kó kọ ọjọ́ sí i lára, kó sì tọ́jú rẹ̀. Ẹ má gbé e sílé láéláé. Láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n sẹ́síọ́ọ̀sì ló gbọdọ̀ wà, kò gbọdọ̀ dì, ẹ sì mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Ẹ bi famasí yín ṣáájú: “Ṣé ẹ máa ń tọ́jú àjẹkù 440?” Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n sí i lójú yín.

Láti 2017 ni American Cancer Society àti CHAI, àjọ Clinton tó ń rí sí ìlera, ti bá àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn ńláńlá ṣe àdéhùn láti já owó oògùn jẹjẹrẹ wálẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Áfíríkà, àwa náà sì wà níbẹ̀. Famasí ọsibítù ńlá ni àwọn oògùn yẹn ń gbà wọlé, wọn kì í dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì. Nítorí náà, iye tí ilé oògùn kan pè yín kò tíì tó ohun tí ẹ máa fi ta ilẹ̀.

Ẹni tó bá sì ní òun lè bá yín gba Herceptin ní ẹ̀dínwó láti inú àpò báàgì, ẹ sá fún un. NAFDAC ti kìlọ̀ fún wa lórí ayédèrú Phesgo, tí trastuzumab wà nínú rẹ̀. Oògùn olówó gọbọi ni àwọn oníjìbìtì ń lé kiri.

Ọmọ Ìjerò
Mo ń ka gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi létí. Ọ̀rọ̀ ìgò yẹn, wọ́n ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ ṣeun o. Ní ti adójútòfò, wọ́n rántí pé àwọn kọ fọ́ọ̀mù kan rí ní iléèwé, a ò mọ ibi tó já sí. Mo máa lọ wò ó.

Ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ ni pé ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ kí ìlú gbọ́. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì àwọn máa wo àwọn bí òkú tó ń rìn. Báwo lèèyàn ṣe ń tọrọ owó láì jẹ́ kí ayé mọ̀?

Tíṣà Ìlawẹ̀
Àbúrò, ẹ bá mi kí wọn gidigidi. Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe. Àṣírí wọn, tiwọn ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ pásítọ̀, ì báà jẹ́ olórí ẹbí, gbé fọ́tò wọn sórí WhatsApp láì jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Fọ́tò tó bá ti jáde kò ṣeé pè padà.

Ọ̀nà wà tí kò ní ariwo. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlọ́po méjì ohun tó ti tò jọ, onídùúró méjì ló sì máa ń gbà. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọ irú àìsàn tó ń ṣe wọ́n sínú fọ́ọ̀mù. “Ìtọ́jú ìlera” ti tó. Ẹ tún kàn sí NUT, ẹgbẹ́ àwa olùkọ́, ẹ̀ka ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Kí alága àti akọ̀wé nìkan rí lẹ́tà dókítà, kí wọ́n sì kéde fún ẹgbẹ́ pé “ọ̀kan nínú wa” ni. A ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wa, àwọn èèyàn dáwó gidi fún ẹni tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ jáde ní Gíréèdì Tuu tàbí NCE náà ńkọ́? Àwọn yẹn máa ń ṣe ju ẹbí lọ nígbà mìíràn.

Kí owó tó bá wọlé máa lọ sí àkáǹtì ọsibítù tààrà, pẹ̀lú nọ́ńbà fáìlì wọn. Ọkàn ẹni tó ń dáwó á balẹ̀, kò sì ní sí ìjà nínú ẹbí lọ́la lórí ẹni tó ná an.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ní London
Tí ẹ bá ní ẹbí lókè òkun, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ẹ má baà fi àkókò ṣòfò: GoFundMe, ibi tí wọ́n ti ń dáwó jọ lórí ayélujára, kò gba kéèyàn ṣí i láti Nàìjíríà. Ẹni tó ń gbé ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń bá ṣe, tó sì ní báńkì níbẹ̀, ló gbọdọ̀ ṣí i. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Èkìtì níbí máa ń dáhùn, ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè. Lẹ́tà dókítà àti ìwé iye owó láti ọsibítù, bí Ìyá Nọ́ọ̀sì ṣe sọ.

Alhaja Ìkẹ́rẹ́
Bí Mùsùlùmí bá wà nínú àwọn tó ń ka èyí: owó Sàká wà fún aláìní àti ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, Kùránì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má tijú. Zakat and Sadaqat Foundation ń san owó ìtọ́jú fún àwọn èèyàn lọ́dọọdún. Ẹ bá lemọ́mù yín sọ̀rọ̀, kó bá yín kọ lẹ́tà.

Ọmọ Ọ̀tùn
Ọ̀rọ̀ tèmi kì í ṣe ti ọyàn, ṣùgbọ́n ó lè ran ẹlòmíràn tó ń kà á lọ́wọ́. CML ni wọ́n ní ó ń ṣe bàbá mi, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Imatinib ni oògùn rẹ̀, Glivec ni àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n sí. A rò pé ó parí ni, kí dókítà tó sọ fún wa pé lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń fún èèyàn ní OAUTHC, Ilé-Ifẹ̀. Láti 2003 ni Novartis, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Glivec, àti Max Foundation, ẹgbẹ́ aláàánú ti Amẹ́ríkà, ti gbé ètò náà síbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ifẹ̀ nìkan ni ibi tí wọ́n ti ń gbà á ní gbogbo Nàìjíríà, àwọn èèyàn á ti òkè Ọya wá sùn dè é.

Àyẹ̀wò kan ló ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀, BCR-ABL. Bí ìyẹn bá fi hàn pé CML ni, wọ́n á forúkọ yín sílẹ̀. Bàámi ń lo mílígíráàmù 400 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ, pẹ̀lú omi kọ́ọ̀bù ńlá kan, torí ó máa ń rin inú. Abẹ́ ojú wọn máa ń wú díẹ̀ láàárọ̀. Bí a bá dé klíníìkì, nọ́ọ̀sì á gba ike oògùn, á ka èyí tó ṣẹ́ kù sí àtẹ́lẹwọ́, á sì bi bàbá ọjọ́ tí wọ́n gbàgbé. Wọn kì í rẹ́rìn-ín sí i rárá. Owó ọkọ̀ àti ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ là ń san. Wọ́n ṣì ń lọ sóko.

Ìyá Àkànní, Ìkọ̀lé
Ọmọdé ńkọ́ o? Ọmọ àbúrò mi ni wọ́n ní ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Adó
Háà, pẹ̀lẹ́ o, ìyá. Èkó ni ẹgbẹ́ méjì tí mo mọ̀ wà, Dorcas Cancer Foundation àti Children Living with Cancer Foundation. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé nìkan ni wọ́n gbájú mọ́. Kí dókítà ọmọ náà kọ̀wé sí wọn kíákíá. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé wà lára èyí tí ìtọ́jú ń ṣẹ́gun jù bí wọn ò bá dá a dúró láàárín. Ẹ má jẹ́ kí àìlówó dá a dúró.

Ìyàwó Àkúrẹ́
Ọmọ Ìjerò, ẹ tún kàn sí BRECAN, ẹgbẹ́ tí Betty Akeredolu dá sílẹ̀. Òun náà la jẹjẹrẹ ọyàn já. Ìbàdàn ni olú ilé wọn. Kódà bí kò bá sí owó lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn, àwọn obìnrin tó ti gba ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ń gbà wà láàárín wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu irú èèyàn bẹ́ẹ̀ wúlò ju ọ̀rọ̀ gbogbo wa lọ.

Alábòójútó
Ẹni méjì ti sọ fún mi pé ẹnì kan ń kọ̀wé sí wọn ní kọ̀rọ̀, pé kí wọ́n san owó fọ́ọ̀mù kí òun lè bá wọn gba àyè nínú Cancer Health Fund. Ẹ má san kọ́bọ̀. Inú ọsibítù ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Mo ti yọ ẹni náà kúrò.

Ọmọ Ìjerò
Ẹ kú àdúrótì. A ti rí sóṣà wókà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, ó jókòó tì wá títí ó fi bi ẹ̀gbọ́n mi gbogbo ohun tó yẹ. Ìwé ti jáde. Famasí ọsibítù ní àwọn lè bá wa béèrè báyósímílà, iye tí wọ́n pè kò jọ ti àkọ́kọ́ rárá, wọ́n sì ní àwọn ń tọ́jú àjẹkù 440. Orúkọ wọn ò tíì pé nínú adójútòfò, NIN ló fà á, a ti ń tún un ṣe. Dókítà ti kọ lẹ́tà sí Ifẹ̀ fún ti Cancer Health Fund, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ní ká wá.

Ta ló mọ bí ọ̀nà ṣe rí? Ẹ̀gbọ́n mi ò lè jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ lẹ́yìn kímò.

Ọmọ Ọ̀tùn
Láti Ìjerò ẹ já sí Arámọ̀kọ, kí ẹ gba Ìta-Awúrè lọ sí Iléṣà, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ifẹ̀ nìyẹn. Òkè àti kọ́nà pọ̀ níhà Ẹ̀fọ̀n, kí wọ́n jókòó níwájú, kí ẹ sì mú ọ̀rá dání nítorí èébì. Ẹ kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ fi káàdì sílẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Ọjọ́ wo ni wọ́n fún yín? Ọjọ́bọ̀ ni èmi àti bàámi ń gbé ọkọ̀ lọ, àyè méjì wà lẹ́yìn, bàámi á sì bọ́ síwájú fún wọn.